Ibi Tí Èémí Ti Já

Ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ ìyàwó ni èémí Macavei já. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Pósí Gavril wà lórí àga méjì nínú àgbàlá rẹ̀, àlùfáà dúró níbi orí, Macavei dúró níbi ẹsẹ̀, ó ń kọ orin ìdágbére bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Runcu láti ayé àwọn bàbá wa. Òkú fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ nínú orin yẹn. Á pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ, á pe àbúrò, á pe aládùúgbò, á tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Macavei pe Saveta, ohùn rẹ̀ gòkè, ó gé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sí méjì, ó dákẹ́. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò nínú àpò ara rẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì tún já níbì kan náà.

Kí a tó kó yẹ̀pẹ̀ bo pósí tán, ìlú ti dá a lẹ́bi.

Ìdí ni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni a bá Artimon, olórin àgbà wa tó kọ orin náà, lókùú nínú ilé ìdáná rẹ̀. Irin ìkoná ni wọ́n fi gbá a lẹ́yìn orí. Macavei, igbákejì rẹ̀, ló rí i, nígbà tó lọ gba ìwé orin tó wà nínú àpò ìwé lábẹ́ àwòrán Màríà. Ọdún méjìlá ni Macavei ti ń dúró de ipò Artimon. Ó ti sọ nílé ọtí, lójú gbogbo èèyàn, pé arúgbó náà kò ní kú láéláé, pé á kọrin sin gbogbo àwa yòókù tán, á wá kọ tiẹ̀ kó tó lọ sùn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú Gavril, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọkùnrin kan ti ṣa òkúta sọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsìnkú.

Èmi Nistor, èmi nìkan ni ọlọ́pàá ní Runcu. Mo fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Macavei lọ́wọ́, mo tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Mo gbà pé òun ló ṣe é. Mo tún fẹ́ kí orí rẹ̀ wà lódindi. Wọ́n ránṣẹ́ láti ìlú ńlá pé ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n á dé ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, pé ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan á ṣáájú rẹ̀ dé. Ilinca ìyàwó Macavei jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mi, kò sunkún, kò bú mi, kò sì lọ sílé. Òun náà mọ̀ pé ẹni tí ọkọ̀ yẹn bá gbé lọ kì í sábà padà, ì báà jẹ̀bi, ì báà má jẹ̀bi.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Raveca Hossu bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bàtà rẹ̀ jẹ́ bàtà ẹni tó máa ń rìn. Bàbá rẹ̀ a máa tún àkọ́díọ̀nù, ohun èlò orin tó ń fi afẹ́fẹ́ dún, ṣe, òun náà sì ṣiṣẹ́ ọ̀hún títí ó fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Kò béèrè irin ìkoná lọ́wọ́ mi, kò béèrè òkú. Ìwé orin ló kọ́kọ́ béèrè.

Abala mẹ́ta ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Artimon ló fi tẹ̀ wọ́n, torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún bíi mélòó kan. Mo ti wo ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ náà: ó ti gbó, lẹ́tà gun orí lẹ́tà, kò ṣeé kà. Nínú ààrò, eérú ìwé wà lórí eérú igi.

Hossu ní, "Ka ẹsẹ àbúrò sí mi létí, Nistor. Rọra kà á."

Mo kà á:

Onisim mi, ọmọ ìyá,
Pápá odò ló mú wa jà.
Mo fi fún ọ, gé koríko,
Kí ìjà wa pin ní oko.

Ó ní kí n wá nǹkan tí a lè kà lé tábìlì. Ẹ̀wà funfun ni mo rí, ìyàwó mi ti rẹ ẹ́ kalẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀wà kan fún ìró kan, bíi O, ni, sim. Mẹ́jọ ni ìlà kìíní, mẹ́jọ ni ìkejì, mẹ́jọ náà ni gbogbo wọn, ìlà méjì méjì sì ń parí sí ohùn kan. Inú mi dùn díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ orin yìí, n kò mọ̀ pé a lè tú u palẹ̀ bí aago.

"Wàyí, ti ìyàwó."

Saveta aya rere mi,
Ìwọ tí kò sí lọ́dọ̀ mi,
Ọlọ ni o lọ, ìyàwó,
Má ṣe sọkún mọ́ bí opó.

Mo tò ó. Mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ. Òpin ìlà bára mu. Mo sọ fún un pé kò sí àléébù kankan nínú ẹsẹ náà, nítorí náà ọ̀fun Macavei ni àléébù wà: ẹ̀rí ọkàn ló fún un lọ́rùn nígbà tó ń ka iṣẹ́ ẹni tó pa.

Ó wo ẹ̀wà náà pẹ́. "Bí àkọ́díọ̀nù bá ń jò, kì í ṣe bọ́tìnnì la máa ń kà. Mú ọkùnrin náà wá."

*

Mo mú Macavei wá. Hossu ní kí n tú ọwọ́ rẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé ìwé fún un, ó ní kó kọ ọ́. Ó kọ ti Onisim, ó ṣàn bí omi tó ń gba inú ọ̀pá kọjá. Ó kọ ti Saveta, ó já.

Hossu béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀gá, orin wa ní ibi tí a ti ń mí. Ìró mẹ́rin, kí o mí, ìró mẹ́rin. Bí mo bá mí síbi tó yẹ nínú èyí, inú ọ̀rọ̀ ni mo ń mí sí. 'Saveta a,' kí n wá gba afẹ́fẹ́, kí n tó sọ 'ya.' Ẹ ò rí i pé ìyà ni? Bàbá Artimon á gé ìka ara rẹ̀ kó tó fi èémí sáàárín ọ̀rọ̀. Ó nà mí lórí rẹ̀ rí, mo sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bọ̀ọ̀dá Nistor yìí? Òun tó jẹ́ pé àárín orin ló máa ń sun oorun rẹ̀."

Òótọ́ ni.

Ìyá arúgbó tó ń gbé iwájú ilé Artimon ti sọ fún mi pé èèyàn mẹ́ta ló dé ẹnu ọ̀nà Artimon lọ́sàn-án ọjọ́ ìṣáájú ìsìnkú: Onisim, lẹ́yìn náà Saveta, lẹ́yìn náà Macavei. Onisim lọ láti rí i dájú pé wọn kò yọ orúkọ òun kúrò, nítorí ẹni tí òkú kò bá pè, ìlú á gbà pé òkú kò dárí jì í. Saveta mú ìwé orúkọ àwọn ẹbí lọ, ó sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà ni òun ti fi lé e lọ́wọ́ tí òun sì yí padà. Ìyá arúgbó náà kò rí i kó jáde. Ó ti lọ fún wàrà màlúù rẹ̀. Macavei ló dé kẹ́yìn, ohun tó sì jẹ́ kí n tì í mọ́lé nìyẹn.

Ó tún un sọ fún Hossu bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó rò pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí arúgbó náà gbọ́, ó sì padà sílé.

"Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń dún?"

Ó ronú. "Pẹ́pẹ́, pẹ́pẹ́, á dákẹ́. Á tún ṣe pẹ́pẹ́. Mo ní ó ti rẹ bàbá."

Hossu wò mí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lánàá, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi ní irọ́. Bí ọkùnrin yìí kò bá purọ́, apànìyàn ló gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òkú sì wà lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

*

Mo fẹ́ lọ mú Onisim lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Gavril fi jà lórí pápá odò. Hossu bi mí bóyá Onisim mọ ìwé kà. Mo ní ká má tíì sọ kíkà, àtàǹpàkò ló fi ń buwọ́ lùwé. Ó ní kí n wá jókòó.

Ó ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ti ẹ̀wà síwá sẹ́yìn. Ẹni tó yí ẹsẹ yìí padà kò lè kàn yọ ọ́ dànù. Orin tí kò pe ìyàwó, gbogbo àgbàlá á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ó ní láti fi òmíràn dí i. Ó mọ̀ pé mẹ́jọ ni, ó fi ìka kà á, ó sì kà á pé. Ohun tó kọ tún ṣàjèjì: òkú ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò sí lọ́dọ̀ òun, pé ọlọ ló lọ. Ta ló bi òkú léèrè?

Mo ní àwa la bi Saveta. Lọ́jọ́ tí Gavril já bọ́ láti orí àkàbà ilé koríko, a bi gbogbo ilé pé níbo ni wọ́n wà. Ọlọ, ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà, ni Saveta ní òun wà.

Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. Ẹlòmíràn lè kọ ọ́ láti fi ṣàánú rẹ̀. Èémí yẹn ló ń yọ mí lẹ́nu."

Ó tún ìlà náà tò. Ẹ̀wà márùn-ún, ó fi àyè sílẹ̀, ẹ̀wà mẹ́ta. *Saveta aya.* Àyè. *Rere mi.* Ó tún tò ó. *Ìwọ tí kò sí.* Àyè. *Lọ́dọ̀ mi.* Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba márùn-ún àti mẹ́ta láìfi ipá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fọ́.

Ó dìde, ó jáde lọ síbi àtẹ̀gùn, Ilinca sún fún un. Ó ń sọ ẹsẹ náà wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn: ìṣísẹ̀ márùn-ún, á dúró bí ẹni tó ń gbé ẹrù láti èjìká kan sí èkejì, á ka mẹ́ta, á tún gbéra. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Níbo ni wọ́n ti ń gbé òkú gun òkè, Nistor?"

Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣí fèrèsé sí mi lórí. Ibi ìsìnkú tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdúró la fi ń kọrin. Ṣùgbọ́n ní Zăpodia, lódì kejì òkè, orí àpáta ni wọ́n ń sin òkú sí. Mo gbé pósí ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbẹ̀ rí. Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń gùn ún: ìṣísẹ̀ márùn-ún, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á yí èjìká padà, orin á sì gbé ìró mẹ́ta kí wọ́n tó tún gbéra. Èjìká mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ní ta ló wá láti Zăpodia nínú ìlú wa. Mo la ẹnu láti sọ pé kò sí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan tí wọ́n fi ewé igi fir ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tó gba orí òkè bọ̀ lọ́dún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Saveta, ìyàwó tuntun, jókòó nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti di tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí a ti gbàgbé pé ó wá láti ibì kankan. Kó tó bímọ, ó ṣe akọ̀wé ní ibi tí wọ́n ti ń gba wàrà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀.

Mo ní kí n lọ mú un.

"Pẹ̀lú ẹ̀wà? Adájọ́ á sè é jẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀."

*

Ní aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n ti tẹ́ Artimon sórí tábìlì ilé rẹ̀. Àbẹ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwo koliva, ọkà tí a fi oyin sè fún òkú, sì wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé kún dẹ́nu. Ohun tó ń ba gbogbo èèyàn lọ́kàn jẹ́ ni pé ẹni tó ti kọ ìdágbére fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún òkú kò ní ẹni tó máa kọ tirẹ̀. Hossu ti bá àlùfáà sọ̀rọ̀. Àlùfáà kéde pé àwọn mẹ́ta tó dé ẹnu ọ̀nà olóògbé kẹ́yìn ni kí wọ́n fún un ní ìlà méjì méjì, pé òun á so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí mo mú Macavei wọlé, ilé kùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún òun ní irin ìkoná. Macavei kò gbójú sókè. Ó sọ ìlà méjì tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dọ́gba bí ìdérí ìkòkò.

Onisim tẹ̀ lé e. Ó ti mu ọtí díẹ̀. Ó tẹjú mọ́ Macavei, ó ní:

Artimon wa, o ti dákẹ́,
Ta ni yóò gba ipò rẹ?

Àwọn kan rẹ́rìn-ín burúkú. Ìka Hossu ń kan etí tábìlì. Mẹ́rin, ó dúró, mẹ́rin. Onisim tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kò ṣì í.

Saveta dìde. Obìnrin gíga ni, gèlè dúdú rẹ̀ bo iwájú orí rẹ̀. Ó wo òkú náà, mo sì ronú pé kò ní sọ ìlà tirẹ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó sọ ọ́.

Artimon ọ̀rẹ́ ọkọ mi,
Ilẹ̀ gbà yín lọ, ẹ sinmi.

Ìka Hossu kan tábìlì. Márùn-ún. Ó dúró. Mẹ́ta.

Kò sí ẹni tó fura. Àwọn obìnrin ń nu ojú wọn. Ṣùgbọ́n Macavei gbé orí sókè lójijì, bí ajá tó gbọ́ fèrè, ó sì ń wo Saveta.

*

Yàrá ìkóúnjẹpamọ́ ni Hossu mú Saveta lọ, èmi sì ti ilẹ̀kùn. Ápù ọdún tó kọjá wà lórí pákó. Kò gbóhùn sókè.

"Ìyá Saveta, ta ló kọrin sin ìyá yín?"

"Àwọn èèyàn wa ni. Ní òkè."

"Ẹ tẹ̀ lé pósí?"

"Mo tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà."

"Ẹ rìn ín fún mi. Bí ẹ ṣe rìn ín lọ́jọ́ náà."

Saveta gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń yé e, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó jókòó lórí àpótí.

Ó ní ìka òun ni òun fi kà á, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun kà á tó pé mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ó sọ ìyókù, láìjẹ́ pé a tì í. Gavril wà lórí àkàbà, ó ní kó di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó ń bú u láti òkè bó ṣe máa ń bú u. Saveta fa àkàbà náà. Ìgbà tó yíjú padà ló rí Artimon lẹ́yìn ọgbà, garawa omi lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Artimon kò sọ nǹkan kan, ó gbé omi rẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì ni Saveta fi dúró kí ọlọ́pàá wá mú òun, ẹnikẹ́ni kò wá. Ní ọjọ́ kẹta ó mú ìwé orúkọ lọ, Artimon ní kó wọlé, ó yíjú sí ààrò láti bu tíì fún un. Ìwé wà lórí ẹ̀rọ.

Hossu béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ìlà méjì ni mo rí."

Ó sọ ọ́. Èémí rẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ, torí ọ̀rọ̀ Artimon ni:

Saveta mi, tó dúró tì
Àkàbà mi, tó ń wò mí,

"Mo ní ó fẹ́ kọ mí sórin lójú gbogbo ìlú. Irin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà tó ṣubú tán ni mo jókòó, mo ní kí n wo ibi tí mo máa pa rẹ́. Ìgbà náà ni mo ka ìyókù."

Ó sọ ìlà méjì tó kù:

Ọwọ́ mi tó ń lù ọ́ rí,
Dárí jì í, kí n sinmi.

"Ó rí ojú mi tó ń wú fún ogún ọdún láti ẹ̀yìn ọgbà yẹn," ni ó wí. "Ó ń bá Gavril bẹ̀ mí ni. Kò sì ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo ti sọ pé ọlọ ni mo wà. Mo sọ ti Artimon sínú ààrò, mo tẹ òmíràn. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ."

*

Mo ṣí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ Macavei ní àgbàlá, lójú gbogbo wọn. Àwọn tó ṣa òkúta lánàá ń wo ilẹ̀. Onisim na ife ọtí sí i, ó ní kó má bínú, àbúrò. Macavei kọjá lára ife náà. Ilinca ti dé ẹnu ọ̀nà, ó mú un lápá, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi yí igun ọ̀nà. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n dé ní aago méjì gééré. Saveta gùn ún láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í lápá mú. Hossu dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi.

"Ṣé ẹ ti dárí jì í? Gavril?"

Saveta tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Gavril kò bẹ̀ mí rí. Artimon ló bẹ̀ mí."

Ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà dé fúnra rẹ̀.